Ogójì Korobá Òróró Níbi Ìsìnkú Fatoa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà ni Moelagi gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Orí fóònù ni, láti ilé ìwòsàn ní Apia, olú ìlú, ní òdìkejì omi. Fatoa kò sọ̀rọ̀ àìsàn rárá. Iye korobá òróró tí àwọn obìnrin fún lọ́jọ́ náà ló béèrè. Moelagi ní méje ni. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú àgbọn gbẹ ti ń darúgbó, kí wọ́n má gbàgbé kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń darúgbó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bi í bóyá ó ti jẹun. Moelagi ní òun ti jẹ.

“Irọ́ ni, Ìyá Fetu. Ohùn ẹni tó jẹun kọ́ nìyí. Lọ wá nǹkan fi sẹ́nu.”

Owó fóònù tán síbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Fatoa ti lọ.

Ọdún mọ́kànlá ló fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé Vailoto, ní erékùṣù Savaii: ọgọ́ta ilé tó ń ṣa àgbọn pọ̀, tó ń fún òróró pọ̀, tó sì ń tà á pọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ní Apia. Ilé ìtajà ọmọ Ṣáínà kan, níbi tó ti ń ru àpò ìrẹsì nígbà èwe, ni Fatoa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ohùn ló ní. Bí oṣù bá ti parí, á fẹ̀yìn ti òpó ilé tó kọjú sí ọ̀nà, á ṣí ìwé ńlá náà, á sì máa ké ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí agbẹnusọ ṣe ń ké ẹ̀bùn níbi òkú: ohun tó wọlé àti ẹni tó mú un wá, ohun tó jáde àti ibi tó gbà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá a máa sín in jẹ. Inú rẹ̀ a sì máa dùn, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè sínni jẹ tí kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ohun téèyàn wí. Moelagi á máa hun ẹní nítòsí, á máa dáhùn pé òun gbọ́. Ìwé mẹ́ta ló kà dé nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́tà a máa dàrú mọ́ ọn lójú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ké sí i létí, ó ti wọlé nìyẹn, kì í jáde mọ́.

“Ohun tí èèyàn ò bá lè ké níta gbangba,” Fatoa a máa wí, “kó má kọ ọ́ sínú ìwé.”

Lọ́dọọdún ni Fatoa ń yọ ẹgbẹ̀rún méjì tálà, owó ilẹ̀ wọn, kúrò nínú èrè, tó ń pè é ní ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Pulefano, alága ẹgbẹ́, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Fatoa nínú ẹbí, a máa ráhùn pé owó tí ẹnikẹ́ni kò ná, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Fatoa á ní ẹ̀rọ náà ló ń ná an, díẹ̀díẹ̀, láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ìsìnkú rẹ̀ kún. Ẹní iyì wọlé, ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, páálí ẹja inú agolo wọlé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbé ogójì korobá òróró wá, kí àwọn àlejò tó wá láti abúlé mìíràn má bàa padà lọ́wọ́ òfo. Selepa, àgbà agbẹnusọ abúlé, dúró sójú pápá pẹ̀lú ọ̀pá àti ìrùkẹ̀rẹ̀, ó sì ké e tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà létí òkun gbọ́. Moelagi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni Pulefano wá kí i. Iakopo, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tẹ̀ lé e. Auckland ni ọmọkùnrin yìí ti dé, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn tó ń nu fèrèsé ilé gíga ṣe ìwé owó, òun ni wọ́n sì ní kó parí ìròyìn owó ọdún náà, tó parí ní òpin oṣù kẹfà. Moelagi po kòkó gbígbóná fún wọn. Wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó sọ ohun tó gbé wọn wá.

Báńkì fẹ́ yá ẹgbẹ́ lówó ra ọkọ̀ akẹ́rù, bí ìròyìn ọdún bá dára. Ìròyìn náà sì ti dára: èrè ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá tálà. Gbogbo ilé á gba ọgọ́rùn-ún tálà kí Ọjọ́ Ìsinmi Funfun, àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó dé, kí wọ́n lè rán aṣọ fún àwọn ọmọ. Ohun kan ló kù. Fatoa ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kó tó kú, orúkọ rẹ̀ sì ni báńkì mọ̀, torí náà kí Moelagi gbé òǹtẹ̀ akápò fún àwọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé.

Moelagi ní kí Iakopo ké ìwé náà fóun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó kà á dé ibi òróró tí wọ́n tà láwìn, ogójì korobá, ẹgbẹ̀rún méjìlá tálà.

“Tún ibẹ̀ ké,” Moelagi wí.

Ó tún un ké. Kò sí ọjọ́ orí ẹ̀rọ níbikíbi. Moelagi ní ogójì korobá yẹn, òun mọ̀ ọ́n; ibi òkú ọkọ òun ló wá. Iakopo ní gbogbo ọjà tó bá ti kúrò nínú yàrá ìkẹ́rùsí, títà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kọ̀ǹpútà òun gan-an kò sì gba ọ̀nà mìíràn.

“Ìyá, kọ̀ǹpútà kì í purọ́.”

“Kọ̀ǹpútà ò wá síbi ìsìnkú.”

Ó wá bi wọ́n léèrè: bí owó ogójì korobá kò bá wọlé, inú owó wo ni wọ́n á ti yọ ọgọ́rùn-ún tálà fún ọgọ́ta ilé? Iakopo ká ìwé náà pọ̀. Moelagi ti rí i. Owó báńkì ni wọ́n fẹ́ pín jẹ, kí wọ́n máa pè é ní èrè, bí ẹni tó ń se orí kókò tó yẹ kó dá padà sínú ilẹ̀. Ó ní òǹtẹ̀ ọkọ òun wà nínú ilé, kò sì ní jáde.

Pulefano dìde. Kò gbóhùn sókè.

“Ìyàwó ni ọ́ níbí o. Ẹni tó mú ọ wá ti lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn bàbá rẹ lójoojúmọ́.”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ iye tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pe ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn baálé jókòó ti òpó, olúkúlùkù sídìí tirẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé wà lẹ́yìn, lápá ibi ìdáná. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni Iakopo kà: èrè ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Moelagi dìde láàárín àwọn obìnrin. Ẹnì kan ní kó jókòó. Kò jókòó. Kò sì wo Pulefano. Ọ̀dọ̀ Selepa ló kọjú sí.

“Bàbá Selepa, ẹ dákun. Lọ́jọ́ tí a sin Fatoa, ogójì korobá òróró jáde níwájú yín, ẹ sì ké e. Ẹ̀bùn lẹ ké ni, àbí ọjà?”

Baba ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Selepa, ẹnu rẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀rí abúlé. Bó bá ní ọjà ni, a jẹ́ pé ó purọ́ lórí òkú, ta ni yóò tún gba ẹ̀bùn kankan tó bá ké gbọ́? Bó bá ní ẹ̀bùn ni, alága ló dójú tì. Baba náà gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti èjìká ọ̀tún sí òsì.

“Ẹ̀bùn ni mo ké,” ó wí.

Iakopo fẹ́ ṣàlàyé. Ó ní wọ́n ṣì máa san án lọ́jọ́ iwájú, ìdí nìyẹn tóun fi kọ àwìn.

“Ta ló máa san án?” Moelagi bi í. “Ẹni tí wọ́n gbé e wá fún wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì níwájú ilé mi. Kò níṣẹ́, kò rìnrìn àjò. Lọ bá a, kó san owó rẹ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Pulefano ní ìyàwó tí kò mọ àyè ara rẹ̀ ló ń tú ilé ọkọ. Moelagi dá a lóhùn pé irọ́ ló ń tú u, àti pé ìsìnkú ọkọ òun kì í ṣe ọjà tẹ́nikẹ́ni máa kọ èrè lé lórí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ké ọdún náà fún wọn láti orí, oṣù dé oṣù, bí Fatoa ti ké e sí i létí: iye korobá, ẹni tó rà á, owó epo, owó àtúnṣe. Nígbà tó dé oṣù karùn-ún, ohùn rẹ̀ ti ha. Ó mumi, ó ń bá a lọ. Sefina, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fa aṣọ rẹ̀ pé ó tó. Kò tó.

Selepa ló pàṣẹ níkẹyìn pé kí Iakopo yọ ogójì korobá kúrò, kó sì fi ọjọ́ orí ẹ̀rọ sí i. Ó yọ ọ́, ó fi í. Èrè di àdánù ẹgbẹ̀rún kan tálà.

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Moelagi. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Funfun dé, aṣọ èṣí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ kó lè gùn sí i kò funfun tó apá òkè rẹ̀. Sefina to àwọn ọmọ tiẹ̀ mẹ́rin kọjá níwájú Moelagi, ó ní: “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, Ìyá Fetu.” Moelagi wò wọ́n dáadáa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sí ẹni tó máa wá gba aṣọ yìí lọ́wọ́ wọn. Sefina kọjá lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé ó tún wá sídìí ẹ̀rọ, wọ́n jọ ha àgbọn títí di ọ̀sán. Fetu, ọmọ Moelagi, pè láti Auckland pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Moelagi ní òun ò sá fún ẹnikẹ́ni.

Iakopo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Pulefano ní òun ò ní fi orúkọ òun sísàlẹ̀ àdánù. Wọ́n bẹ ẹni mẹ́ta pé kó wá ṣe akápò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè òǹtẹ̀ Fatoa. Ọjọ́ tí báńkì dá fún owó ọkọ̀ akẹ́rù ti kọjá, ìròyìn owó ọdún náà sì wà níbẹ̀, ó pé, ó tọ̀nà, kò tí ì sí ẹni tó fọwọ́ sí i.