Ọjọ́ Tí Mo Fọ Odò Àkèré

Lánàá, mo kọjá ní Igbóbì, ẹnì kan ń fi òògùn olóòórùn líle tá a fi ń fọ ṣáláńgá nu iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá di imú wọn mú. Èmi, omijé ló bọ́ lójú mi. Mo sọ fún wọn pé yẹ̀pẹ̀ ló kó sí mi lójú. Irọ́ ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń gbé Bàrígà báyìí, ẹ ò lè gbà pé odò wà lẹ́yìn ilé wa rí. Kì í ṣe gọ́tà o. Odò gidi, tó ń sun láti abẹ́ ilẹ̀, tó tutù bí omi fíríìjì, tó ń rọra wọ́ lọ sínú ọ̀sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Orí mi tóbi, ọgbọ́n inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ sáà wò ó, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, yunifásítì ṣì ń sá fún mi.

Irú àkèré kan ń gbé inú odò yẹn. Kò ju ìdérí ìgò lọ, ó ní ìlà yẹ́lò kan lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí kan ife tíì: kín, kín, kín. Àǹtí Bímpé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan láti Akoka, ló sọ fún wa pé irú àkèré yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ló máa ń wọ bùútù òjò wá, á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, á máa ka iye ohùn tó bá gbọ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fi ara mi jẹ igbá kejì rẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

"Má mí bẹ́ẹ̀ jọ̀ọ́," ló máa ń sọ. "Ìwọ nìkan lò ń pariwo ju àkèré lọ."

Màmá Ìlàjẹ, onílé wa tó ń yan ẹja, sọ mí ní Olóyè Àkèré.

Iye ohùn tó ń kọ sínú ìwé ń dín kù: mọ́kànlá, lẹ́yìn náà méje, lẹ́yìn náà mẹ́rin péré. Agbaṣẹ́ṣe kan sì fẹ́ da kọnkéré bo odò náà. Àǹtí bẹ Ẹnjiníà wọn títí tó fi gbà pé òun á wá fetí ara òun gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ Sátidé kan. Bí àkèré bá dún, wọ́n á fi odò sílẹ̀. Bí kò bá dún, ó parí.

Sátidé yẹn bọ́ sí ọjọ́ ìmọ́tótó. Láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ń gbálẹ̀. Èmi wá rò ó: àlejò ń bọ̀, ṣé odò elégbin la fẹ́ fi hàn án? Nílé wa, àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílẹ̀. Mo bọ́ sínú omi, mo kó gbogbo ewé jíjẹrà, mo hu koríko etí rẹ̀, mo fi ìgbálẹ̀ fọ òkúta. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo da odindi kẹ́ẹ̀gì òògùn ṣáláńgá sí i. Omi funfun bíi mílíìkì. Mo gbọ́wọ́ lé ìbàdí, mo ń yin ara mi.

Àǹtí ti sọ fún mi rí pé ara ewé yẹn ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ọjọ́ tó sọ ọ́, bùútù rẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ẹnjiníà dé. A dúró. Kò sí ohùn kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i."

Nígbà tí Àǹtí bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ara mi ò gbà á mọ́. Mo sá sẹ́yìn igi gúáfà, mo la ẹnu: "Kín, kín, kín!"

Ẹnjiníà yí orí padà. "Àkèré yín yìí mà ti ń bàlágà o!"

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Àǹtí Bímpé kúnlẹ̀ sínú omi, ó ń fi ọwọ́ wá abẹ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan jáde sórí àtẹ́lẹwọ́. Ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá wò mí.

"Kí lo dà sí i?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni, Àǹtí. Nítorí àlejò."

Mo ń retí ìgbájú. Ìgbájú ì bá sàn. Ó kàn ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ òdo síbẹ̀. Kò wá mọ́.

Kọnkéré ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, Màmá Ìlàjẹ ń sá ẹja sí i. Mo ti wá gọ́tà dé gọ́tà, láti Ṣómólú dé Onípàánù. Ọ̀pọ̀lọ́ lásán ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, ẹ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ fi etí lé kọnkéré yẹn. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á pè yín ní wèrè, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Omi ṣì ń ṣàn nísàlẹ̀. Ó ń dá nìkan lọ ni, láìsí kín, kín, kín.