Ta Ló Ṣá Igi Máńgòrò Wa?

Ọjọ́ tí mo bá ọgbẹ́ àdá lára igi máńgòrò wa ní àdúgbò Kabawa kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Igi náà kò so rí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, oje ń kán lára rẹ̀. Ara fu mí sí Bàbá Sàní, aládùúgbò wa, tó máa ń ráhùn pé ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà òun. Mo yọjú sọ́dọ̀ rẹ̀. Oje wà lára àdá rẹ̀! Mo figbe ta: "Bàbá Sàní, ẹ ti pa igi wa!"

Ìyá àgbà, tó wá kí wa láti Agbaja, sáré jáde. "Èmi ni mo yá àdá rẹ̀. Igi tí kò bá so, a máa ń ṣá a, ká kìlọ̀ fún un pé a ó gé e lulẹ̀."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, igi náà so jìngbìnnì. Mo mú èyí tó pọ́n jù lọ fún Bàbá Sàní. Ó yí i wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ kọ́kọ́ gé e jẹ ná, kí n máa wò ọ́."