Orí Amọ̀ Tí Mo Gbé Sórí Àjà Púpurú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn tó ní fọ́tò ní abúlé wa lágbègbè Òṣòòrò kò pọ̀. Ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyé, kò ní ẹyọ kan. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tó kú. Wọ́n kọrin ìjọ, wọ́n sin ín, mo sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ Màmá Àgbà tó bí i. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí n rántí ojú Ìyé, imú nìkan ni mo rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò fọwọ́ kan ẹ̀bà àná tí mo máa ń jà lé lórí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí iṣẹ́ ọwọ́ ilé ìwé. Lọ́dún yẹn, tíṣà fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí kálukú fi amọ̀ mọ ohun tó bá wù ú. Ẹni tí kò bá gbé tirẹ̀ wá yóò jẹ pàṣán mẹ́fà. Àwọn kan mọ ìkòkò, àwọn kan mọ ewúrẹ́ tó jọ ajá. Èmi sọ fún Màmá Àgbà pé orí Ìyé ni mo fẹ́ mọ. Ó gbé agbọ̀n, ó ní ká lọ sódò.

Amọ̀ etí odò wa dúdú díẹ̀, òórùn ewé jíjẹrà ló máa ń ní. A wa á, a rẹ ẹ́ sómi, a ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ dànù. A gún un nínú odó àtijọ́ kan, a sì po ihá ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀ mọ́ ọn kí ó má baà sán. Ojú Màmá Àgbà ti ń ṣú nígbà náà, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó di ọwọ́ mi mú lórí amọ̀ náà. “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tó báyìí. Fà á wálẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ yọ bíi ti bàbá rẹ̀.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ìyé ló wà níwájú mi. Màmá Àgbà fọwọ́ pa á lójú, ó sì sunkún. Mi ò rí omijé lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú.

“Òjìji ni kí o gbé e sí, ọma mi. Fi ewé kókò bò ó, kí ó máa gbẹ fúnra rẹ̀. Má kánjú sí i.”

Ṣùgbọ́n òjò kò dá. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọ̀la kí a gbé iṣẹ́ wa fún tíṣà, orí náà ṣì tutù bí ẹja. Mo gbójú sókè, mo rí púpurú lórí àjà tó wà lókè iná ilé ìdáná, roboto-roboto, wọ́n tó orí ènìyàn. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi tó rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ ni wọ́n níjẹta, èéfín àti iná ti sọ wọ́n di líle. Mo ní ohun tó mú púpurú gbẹ yóò mú Ìyé náà gbẹ. Màmá Àgbà wà ní ìpàdé àdúrà. Mo gun àpótí, mo gbé orí náà sáàárín púpurú, mo sì koná sábẹ́ rẹ̀.

Ó dún “pá!” Màmá Àgbà ń wọlé bọ̀. Ó béèrè ohun tó dún. Ó na ọwọ́ sórí àjà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló bá a bọ̀. Kò nà mí. Ì bá sàn kí ó nà mí. Tíṣà nà mí ní tirẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ sì ń pè mí ní Elépúpurú fún odindi ọdún kan.

Màmá Àgbà ní amọ̀ tí a kò sun, omi a máa sọ ọ́ di amọ̀ padà. A rẹ àwọn àfọ́kù náà, wọ́n rọ̀. Mo tún un mọ. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, “Òun kọ́.” Mo tún un mọ. “Òun kọ́.” Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo mọ ọ́n. Lẹ́yìn ìkẹjọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan. “N kò mọ̀ ọ́n mọ́, ọma mi. Ọwọ́ mi ti gbàgbé.” Èmi ni mo fi ìkánjú gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò nínú mi. Màmá Àgbà kò rí ọdún tó tẹ̀ lé e.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ya fọ́tò ọbẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Wọ́n ti fi yanrìn dí etí odò tí a ti ń wa amọ̀, ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀. Amọ̀ tiwọn funfun, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń rà á, kò ní òórùn, kò fẹ́ ihá, afẹ́fẹ́ lásán ló ń mú un gbẹ. Nígbà Kérésì tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fi díẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi mọ ìyá yín, kí n rí i bí wọ́n ṣe rí.”

Mo mọ imú. Ọmọ náà dúró, dúró, ó bá sáré lọ ṣeré. Nígbà tó fi padà, amọ̀ náà ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, imú nìkan ló wà lára rẹ̀.