Ìsọ̀ Tó Jóná Nínú Orí Ìyá Àgbà

Òórùn wàrà díndín ló máa ń jí mi ládùúgbò wa ní Ladjifarani, kì í ṣe àkùkọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó ti agbada epo, á máa yí wàrà pupa tó rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, á sì máa fi oríkì pè mí: "Àṣàkẹ́, ọmọ a-re-Ṣábẹ̀-má-sinmi!" Kò purọ́ mọ́ mi. Mi ò lè jókòó. Ní kíláàsì, àga mi ń pariwo ju olùkọ́ lọ. Màmá mi á ní, "Ẹni tí kò lè jókòó, kò ní gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀." Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wàrà tó ń jóná ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìyá Àgbà ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń gbọ́ wa o. Bí a bá ní kó na ọwọ́ òsì, á nà án. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fèsì, "tó, tó" nìkan ló ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Ràfíù, dé láti àdúgbò Titirou. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo màmá mi. "Ìyàwó, kí lo ṣe fún ìyá mi tó fi ń yàn ọ́ lódì?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nílé wa, àgbà tí inú bí sí ìyàwó ilé lè pa ẹnu dé fún odidi oṣù mẹ́ta. A ti rí i rí.

Èmi ni mo wá bu epo síná. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà kí n tó lọ síléèwé, ẹsẹ̀ ń yún mi, mo bá fi ẹnu ara mi bẹ̀rẹ̀ oríkì mi: "Àṣàkẹ́, ọmọ…" Ó gbà á lẹ́nu mi, tohùn-torin: "a-re-Ṣábẹ̀-má-sinmi!" Mo sáré yí agboolé po: "Ìyá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀!" Mi ò dúró rí i pé nígbà tí màmá mi bi í bóyá ó fẹ́ omi, "tó, tó" ló tún kù.

Ìyá Ràfíù pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Ẹnu yá fún ọmọ, kò yá fún ìyàwó! Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń gbé ìyá mi lọ. Kí ìyàwó náà padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìdàáṣà, kó lọ ronú." Bàbá mi kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í káṣọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa lọ. Ó ya ọpọlọ sára pátákó. "Èèpo ọpọlọ dà bí ọjà," ló wí. "Lẹ́yìn pátápátá ni ìsọ̀ ojú. Láàárín níbí ni ìsọ̀ apá àtẹsẹ̀. Ti òsì ló ń darí ọ̀tún. Lápá òsì, níwájú, ni wọ́n ti ń to ọ̀rọ̀. Ó jọ pé ibẹ̀ ló jóná. Ṣùgbọ́n orin, àtohun tí ẹnu ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, lè gba ìsọ̀ mìíràn jáde." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó títí ẹnìkan fi parí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dínà mọ́ Ìyá Ràfíù. "Àǹtí, ẹ ní kí Ìyá Àgbà pe orúkọ yín."

"Orúkọ tèmi, àyànfẹ́ ọmọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ta ni mí?"

Ìyá Àgbà lanu. "Tó…" Ó tún gbìyànjú. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àbí ẹ̀yin náà ni wọ́n ń yàn lódì?" ni mo bi Ìyá Ràfíù. Ìgbájú tọ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó rántí gbá mi.

Ìyá Ràfíù rọra kúnlẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́ yín nì yí. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ…" Oríkì bá tú jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ìyá Ràfíù sunkún tán, ó wọ yàrá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹrù màmá mi.

Màmá mi ti darúgbó báyìí. Bí mo bá pè é lórí fóònù láàárọ̀, mi ò kì í jẹ́ kó kọ́kọ́ fi oríkì kì mí; oríkì lè jáde bí ìsọ̀ ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ ti jóná. "Màmá, ẹ pe orúkọ mi ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ lánàá." Á sọ ọ́, á wá ní, "Ìwọ yìí, ṣé o ti jókòó?"

"Mo ti jókòó, mà."

Irọ́ ni. Orí ìdúró ni mo máa ń wà, títí á fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.