Ẹfọ̀n Tí Bàbá Àmírà Fẹ́ Dá Padà Sígbó

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ọkọ mi fún yín, bóyá inú tó ń bí mi yìí á rọ̀. Yaqub lorúkọ ẹ̀, Bàbá Àmírà lèmi ń pè é. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, ọmọ ọlọ́dẹ Ìdí-Ẹfọ̀n sì ni. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ki ìdílé wọn tí wọn ò ní dárúkọ ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wà láyé nínú wọn tó fojú kan ẹfọ̀n rí nígbó ìlú wọn. Àwọn bàbá wọn ti pa á tán.

Lọ́jọ́ kan, ní mítíìn ọmọ ìlú tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn sálúùnù Àǹtí Àsúmáù ní Rye Lane, ó dìde, ó ní òun fẹ́ káwọn dá ẹfọ̀n padà sígbó. Uncle Nasrullah, alága wọn, bi í pé, "Ṣé o ò rí ẹran rà ní Rye Lane ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé tọ́kọ mi bá ti gbé nǹkan sórí, kì í sọ̀ ọ́.

Ọdún gbọọrọ ló fi bẹ tibí bẹ tọ̀hún. Tó bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, orí fóònù ló ń wà, ó ń bẹ ìjọba, ó ń bẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀. Ọbẹ̀ á tutù, màá tún un gbé kaná. Nígbà tó yá, ọgbà ẹranko kan lápá òkè nílé lọ́hùn-ún fún wọn ní akọ kan àti abo kan. Abo yẹn lóyún. Bàbá Àmírà ní ọmọ inú ẹ̀ lòun ń wò, pé ìyẹn ni yóò jẹ́ ọmọ bíbí igbó àwọn. Wọ́n sọgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, káwọn ẹran náà kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Gbogbo ọlọ́gbọ́n Peckham, wọn ò wo ilé. Ní Ìdí-Ẹfọ̀n, ẹfọ̀n àkọ́kọ́ tọ́dẹ bá pa lọ́dún, baálẹ̀ ló ni ìgẹ̀ ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn, torí kò sẹ́ran. Ẹran wá dé, baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé ẹ̀tọ́ òun wá. Àwọn ti Peckham ní kì í ṣe ẹran pípa. Ó ní ẹni tó bá dá ẹfọ̀n padà, ó ti dá àṣà ẹ̀ padà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Làtíìfù, tó ń bá a ṣọ́ àwọn ẹran náà, ló pè wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a wà nídìí oúnjẹ. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti gbé ìgẹ̀ fún baálẹ̀, inú ìlú dùn.

Bàbá Àmírà ní, "Èwo lẹ pa?"

Ó ní abo ni, pé akọ yẹn ò jẹ́ káwọn sún mọ́ ọn.

Ọkọ mi ti abọ́ iwájú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ààfáà ló dúńbú ẹ̀. Ìpín Yaqub sì wà nínú fírísà."