Ìṣó Ẹnu Bàbá Mi

Bí òórùn gọ́ọ̀mù aránbàtà tó wà lẹ́nu géètì ọsibítù wa bá ti ta sí mi nímú, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Mushin, níbi tó ti ń fi irú gọ́ọ̀mù yẹn ṣe àga, ni ọkàn mi máa ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú ìwé kan bọ̀ láti iléèwé. Wọ́n ní kí òbí mi máàkì ọ̀kan nínú àpótí mẹ́ta: sáyẹ́ǹsì, áàtì, kọmáṣà. Áàtì ló wù mí. Kò sí pákó àga tí n kì í fi ṣọ́ọ̀kì Bàbá yàwòrán sí.

Ìṣó kún ẹnu Bàbá, torí aṣọ ló ń kàn mọ́ àga. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tẹjú mọ́ ìwé náà títí, ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó sì máàkì àpótí àkọ́kọ́. Sáyẹ́ǹsì.

Ó tu ìṣó sọ́wọ́. “Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

Mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀ ni. Omi lé ròrò sí mi lójú.

“Ó dáa, sà.”

Mo ti di nọ́ọ̀sì kó tó gbé ìwé oògùn rẹ̀ fún mi pé kí n bá òun kà á, ìgbà yẹn ló yé mi pé kò mọ̀wé kà, pé ṣe ló ń bi mí lọ́jọ́sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dá ìṣó padà sẹ́nu.