Àga Ọpẹ́ Alhaji Sànyà

Ẹgbẹ́ ni èmi àti Abdulazeez Sànyà. Ilé kéú kan náà la lọ l'Ágége, pàṣán kan náà ni alùfáà wa fi nà wá, nítorí náà ẹ má retí pé kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ dáadáa rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ló ń dà mí láàmú. Nínú ọyẹ́ èsí, iná ràn mọ́ koríko gbígbẹ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó di àwọn ilé pákó tó wà nítòsí, ó sì jó wọn kanlẹ̀. Gbogbo ayé ló wá bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ dárò. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé omi wá, wọ́n ya fọ́tò. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, a ò rí ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Sànyà nìkan ló kù. Ó kó àwọn tí ilé wọn jóná sínú yàrá tó fi ń háyà, kò gba kọ́bọ̀. Ó fa omi ẹ̀rọ sí ẹ̀yìnkùlé fún wọn. Òun náà ló lọ bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí tó nilẹ̀ kí wọ́n má tíì gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Àwọn yẹn gbà, wọ́n ní kí oníkálukú padà wá kọ́lé, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ni kó fi kọ́ ọ, kì í ṣe pákó. Ẹni tí kò bá tíì gbé ògiri dúró kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Oyinadé wà lára wọn. Opó ni, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe, iná sì jó ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lé. Ó wá rí iṣẹ́ kásúà ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan l'Ógbà. Nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń mú wọlé níbẹ̀. Bí iye tí wọ́n ń fẹ́ lọ́jọ́ náà bá ti pé, wọ́n á ti géètì. Ẹni tó bá pẹ́, ó di ọ̀la. Nínú iṣẹ́ yìí ló ti ń ra búlọ́ọ̀kù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ẹni tí a bá ṣe lóore, bí ilẹ̀ bá mọ́, á wá sọ pé, "Ẹ ṣé àná." Ó dára, ó yẹ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn nínú yàrá rẹ lálaalẹ́, gbogbo àárọ̀ ló ní àná tí yóò dúpẹ́ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jókòó de Sànyà lójoojúmọ́. Yóò kírun Àsùbáà, yóò fa tẹ̀súbáà, yóò mu tíì, yóò wá fìlà tó bá bùbá rẹ̀ mu, kó tó jáde wá jókòó. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, yóò máa ṣàdúrà fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣoore, ká má lóṣòó tì í. Sànyà kò lóṣòó. Àga ló gbé tì í.

Ìbísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, bá a sọ̀rọ̀. "Alhaji, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ síbi iṣẹ́ wọn."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n wá?" ni Sànyà wí. Lóòótọ́, kò pe ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnì kankan pé kó má wá.

Ìgbà tó yá, Oyinadé kò yọjú. Ọjọ́ kejì, kò yọjú. Inú bí Sànyà. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni!" Ó dé fìlà, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ògbà, kó lè fi ojú kojú sọ fún un. Mẹ́gáàdì tó ń jẹ́ Olúṣẹ̀yẹ ló bá lẹ́nu géètì.

"Oyinadé kẹ̀? Wọn ò mú un mọ́ o, Alhaji. Ó ti máa ń pẹ́ jù, súpáfáísọ̀ ti yọ orúkọ ẹ̀, ó ti fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ kó pẹ́?"

"Láńlọ́ọ̀dù ẹ̀ ni. Ó ní tóun ò bá tíì kúnlẹ̀ kí baba yẹn láàárọ̀, òun ò lè jáde nílé. Mo ní, ṣé ọba ni bàbá ọ̀hún ni?" Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí òdìkejì títì. "Ẹ wò ó lọ́hùn-ún. Láti ìdájí ló ti ń dúró síbẹ̀, bóyá ẹnì kan ò ní wá, kí wọ́n lè mú òun dípò."

Sànyà yíjú, ó rí i láàárín àwọn tó ń dúró nínú oòrùn. Alhaji tó wá bínú, ẹ̀yìn ọkọ̀ ìyẹ̀fun ló sá sí kí obìnrin náà má baà rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ti ń sọ ọ́. Ó ní ìtìjú náà pọ̀ débi pé òun ṣí fìlà kúrò lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé àga síta. Orí ìdúró ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Oyinadé dé, tó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Alhaji. Ẹ ṣé àná, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ẹ ò rí mi lọ́jọ́ mélòó kan yìí."

Kí ni Sànyà ṣe lánàá? Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó la ẹnu láti sọ pé, "Dìde, tètè máa lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n tó ti géètì." Ó wá rántí pé obìnrin náà kò níṣẹ́ tó ń lọ mọ́. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sì tíì di ògiri. Oyinadé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí kó dáhùn kí òun lè dìde.